Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tí Ó Gboyè Jáde Àti Fún Àwọn Òbí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ní ọrọọrún. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ babaláwo nìkan. Ó kan ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, tí ó ti sin ilẹ̀ rẹ̀ fún ọdún kan gbáko gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀, tí ó sì padà sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ní Kàdúná, ní Kánò tàbí ní Mínà, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí méjì lọ́wọ́ àti ìbéèrè kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn ń bi í: "Níbo ni o ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

Kò sí ìkà nínú ìbéèrè náà. Bàbá ni ó ń béèrè rẹ̀ nígbà tí ó bá ti ìsọ̀ dé ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará ìlú ẹni ni ó ń béèrè rẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ìyá tí ó fi owó àjọ san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí owó náà bí. Ṣùgbọ́n bí oṣù ti ń gorí oṣù, ìbéèrè yìí a máa di ẹrù lórí ọmọ. A bẹ̀rẹ̀ sí sá fún ìpàdé. A bẹ̀rẹ̀ sí purọ́ pé ẹnì kan ti ṣèlérí fún òun ní Àbújá. Bí àlejò bá dé, a wọ yàrá lọ, a ti ìlẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí a sì máa rò nínú ọkàn wọn pé àwọn ti kùnà, nígbà tí ó jẹ́ pé wọn kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Òtítọ́ tí ó yẹ kí tọmọdé tàgbà mọ̀ ni pé kí ènìyàn má mọ ohun tí ó kàn lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kì í ṣe àbùkù. Oríta ni. Ẹni tí ó dé oríta kò ṣìnà. Ẹni tí ó jókòó sí oríta tí ó kọ̀ láti béèrè ọ̀nà ni ó wà nínú ewu.

ÌGBÀ TÍ IṢẸ́ Ń WÁ ÈNÌYÀN

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ó yẹ kí a wo ibi tí ìrètí àwọn òbí ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1973, yunifásítì mẹ́fà péré ni ó wà ní gbogbo Nàìjíríà: ti Ìbàdàn, ti Nsukka, ti Ifẹ̀, ti Sáríà, ti Èkó àti ti ìlú Bìní. Àwọn tí ń jáde níbẹ̀ lọ́dọọdún kò pọ̀, iṣẹ́ ọba àti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì ń wá wọn lójú méjèèjì. Owó epo rọ̀bì ń wọlé wìtìwìtì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Udoji jábọ̀ fún ìjọba ní 1974, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ọba sì fò sókè, ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí ti bọ́ lọ́wọ́ ìyà títí ayé. Òbí tí ó rí ayé náà lójú ara rẹ̀ kò lè ṣàìfẹ́ irú rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ayé náà kò pẹ́. Bí iye owó epo ti ń lọ sílẹ̀ lọ́jà àgbáyé, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fi òfin ìṣúnnáwó lélẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1982. Ní 1984, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ni a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ìlú mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NDE sílẹ̀ láti máa wá iṣẹ́ fún àwọn tí kò níṣẹ́, nítorí pé àwọn tí ó kàwé pàápàá ti ń jókòó sílé. Láti ìgbà náà wá, yunifásítì ti di púpọ̀. Wọ́n ti ju igba lọ báyìí. Ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà jáde ti fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí wọn ń gbà wọ ibi iṣẹ́ kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí ọmọ bá pẹ́ kí ó tó ríṣẹ́, kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ayé ń bá a jà. Ìṣòro tí ó ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí ogójì ọdún ni òun náà bá pàdé. Aṣọ tí a fi ìwọ̀n ọdún 1975 rán kò lè ba ọmọ òde òní mu.

ỌDÚN ÌSÌNLÚ KÌ Í ṢE ÒPIN ÌRÌNÀJÒ

Ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1973 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon fi òfin gbé ètò ìsìnlú àwọn agùnbánirọ̀ kalẹ̀, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ìdí rẹ̀ ni kí àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé lè gbé láàárín ẹ̀yà mìíràn, kí wọ́n mọ ara wọn, kí orílẹ̀-èdè má baà tún ya. Agùnbánirọ̀ a máa lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà a pín in sí ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn, ọ́fíìsì tàbí oko títí ọdún yóò fi pé. Òfin náà kò ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí ó sọ ni pé kí agbanisíṣẹ́ máa béèrè ìwé-ẹ̀rí ìsìnlú lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gbà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò. Wọ́n rò pé ibi tí a bá pín àwọn sí ni yóò dá àwọn dúró. Ìgbà kan wà tí èyí wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìgbà náà ti kọjá. Owó tí ìjọba ń fún agùnbánirọ̀ lóṣooṣù, tí ó di náírà 77,000 ní ọdún 2025, a máa dáwọ́ dúró bí ọdún bá ti pé. Ẹni tí kò tíì ronú kan oṣù kẹtàlá títí ọdún fi parí, òjò ni yóò pa á láìní agbòjò.

Ọdún ìsìnlú jẹ́ àkókò ìdánwò fún ẹni tí ó bá lò ó dáadáa. Láti 2012 ni a ti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kún ohun tí a ń ṣe ní àgọ́. Ẹlòmíràn a máa lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lásán, a sì máa sùn ní ìdí àga. Ẹlòmíràn a mú ohun kan ṣoṣo níbẹ̀, a tẹ̀lé e jáde, a wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ sí i ní ìlú tí a pín in sí. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì lò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n mú bọ̀ kò dọ́gba.

ỌMỌ ILÉ MÉJÌ

Ìṣòro kan tún wà tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀. Ìwé-òfin ọdún 1979 ni ó kọ́kọ́ là á kalẹ̀ pé ipò àti iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ kárí gbogbo apá orílẹ̀-èdè. Ní 1996, a dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ìwé-òfin ọdún 1999, ní abala 318, sọ pé ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ kan ni ọmọ ìpínlẹ̀ náà. Kò ka ibi tí a gbé bí ènìyàn sí, kò sì ka ibi tí ó gbé kàwé sí. Ọmọ tí a bí sí Jọ́ọ̀sì, tí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Jọ́ọ̀sì, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni lórí ìwé.

Ìwé-òfin kan náà, ní abala 42, kọ̀ kí a fi ibi tí ènìyàn ti wá fìyà jẹ ẹ́. Abala 15 sì ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti gbé níbikíbi ní orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn abala wọ̀nyí kò tíì rìn pọ̀ dáadáa. Ó ń ṣẹlẹ̀ pé kí ìpínlẹ̀ kan gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìbílẹ̀ sí iṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Bí ọmọ náà bá sì forí lé ilé, wọn a gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ti ń dún, wọn a pè é ní ará Òkè Ọya. Kò mọ ọ̀gá kankan níbẹ̀. Kò mọ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ẹlòmíràn kò tilẹ̀ lè júwe agbo ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àwọn òbí ni láti tètè tún èyí ṣe. Kò yẹ kí ó jẹ́ ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ̀wé wá iṣẹ́ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ baálé rẹ̀. Kí a mú un lọ sílé nígbà ọdún tàbí ìgbéyàwó, kí àwọn ẹbí rí i, kí ó sì gba ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí kò sí ìkánjú. Nínú ìpín tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ rẹ̀ ni yóò ti du iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Kí ọmọ náà sì mọ̀ pé ìdálẹ̀ tí a bí i sí ti fún un ní ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé kò ní. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá, tí ó gbọ́ Hausa, tí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú lè wúlò fún ilé-iṣẹ́ rédíò, fún ilé-ẹjọ́, fún ilé-ìwòsàn, fún oníṣòwò tí ó ń kó ọjà láti Èkó lọ sí Maiduguri. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọjà kì í béèrè ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

ÀWỌN TÍ Ó YÀ KÍ WỌ́N TÓ DÉ

Àwọn tí a ń fi orúkọ wọn súre fún ọmọ lónìí kò rìn tààrà. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a bí ní 1909, ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe akọ̀wé ní Wesley College ní Ìbàdàn, ó ti ṣe akọ̀ròyìn, ó sì ti ṣe òwò ọkọ̀ àti òwò kòkó. Òwò náà dojú dé, ó sì jẹ gbèsè. Ilé ni ó jókòó sí tí ó ti ka ìwé fún oyè B.Com. ti Yunifásítì London, tí ó gbà ní 1944. Ní ọdún náà ni ó gba òkè òkun lọ láti kọ́ òfin, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1946. Ó ti kọjá ẹni ọdún márùndínlógójì kí ó tó dé ibi tí ayé ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá bi í ní ìgbà tí gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀ pé níbo ni ó ń lọ, ìdáhùn rẹ̀ ìbá má tẹ́ olùbéèrè lọ́rùn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó di olóògbé ní 2018, kọ́ èdè Faransé ní Yunifásítì Ìbàdàn. Síbẹ̀, nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni ó ti kọ eré onítàn *Ẹfúnṣetán Aníwúrà* ní èdè Yorùbá. Lẹ́yìn náà ni ó yà sí ẹ̀kọ́ Yorùbá, tí ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú rẹ̀ ní Ifẹ̀. Faransé tí ó kọ́ kò ṣòfò. Ó là á lójú sí bí wọ́n ti ń kọ eré ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ rẹ̀ kò dárúkọ rẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí a máa sọ ohun tí ènìyàn kọ́. Kì í sọ gbogbo ohun tí ènìyàn lè dà.

OHUN TÍ ỌWỌ́ LÈ ṢE

Kí a gbà pé a kò mọ ọ̀la kò túmọ̀ sí pé kí a ká ọwọ́ gbera. Àgbẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí òjò yóò rọ̀, síbẹ̀ kì í dúró dìgbà tí òjò bá kọ̀wé sí i kí ó tó kọ ebè. Ohun mẹ́rin ni ó wà ní ìkáwọ́ ẹni tí ó gboyè jáde tí kò tíì ríṣẹ́.

Àkọ́kọ́ ni pé kí ó sọ wíwá iṣẹ́ di iṣẹ́. Kí ó jí ní àárọ̀, kí ó wẹ̀, kí ó ní wákàtí tí ó fi ń kọ̀wé àti wákàtí tí ó fi ń jáde. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Bí ó bá lọ bá ẹni tí ó ti rọ́wọ́ mú, kí ó má ṣe sọ pé, "Ẹ bá mi wá iṣẹ́" nìkan. Kí ó béèrè pé, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni ẹ̀yin ṣe bẹ̀rẹ̀?" Ọ̀pọ̀ àgbà tí kò ní iṣẹ́ láti fún ni ní ìtàn tí ó lè la ọ̀nà.

Èkejì ni pé kí ó má kọ iṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n kí ó wọ̀n ọ́n wò. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fi lélẹ̀ jẹ́ náírà 70,000, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan wà tí kò lè san tó bẹ́ẹ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: Kí ni n óò kọ́ níbẹ̀? Ta ni n óò mọ̀ níbẹ̀? Oṣù mélòó ni n óò lò? Bí ó bá rí ìdáhùn sí méjì nínú mẹ́ta, iṣẹ́ náà tó gbà. Ìṣirò ìwé ọjà ní ìsọ̀ bàbá ẹni pàápàá, iṣẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ ọwọ́. Àjọ ITF, tí a dá sílẹ̀ ní 1971, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Jọ́ọ̀sì, a máa kọ́ni ní oríṣiríṣi iṣẹ́; àjọ NDE náà ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ẹni tí ó ní oyè nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni ìṣọ́ra. Ibi tí ìrètí bá ti pẹ́, ibẹ̀ ni ọlọ́ṣà ń pa àgọ́ sí. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe títà. Ẹni tí ó bá ń tà á, gbájúẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá sì ṣèlérí iṣẹ́ ní òkè òkun láìsí ìwé, tí ó ní kí ọmọbìnrin má sọ fún ẹnikẹ́ni, oko ẹrú ni ó ń mú un lọ. Nítorí irú wọn ni ìjọba fi dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní 2003. Kí àìní sùúrù má ta ọmọ fún ọ̀tá.

Ọmọ pẹ̀lú sì ní ojúṣe sí ilé. Àbúrò wà nílẹ̀ tí ń dúró de owó ilé-ẹ̀kọ́. Ìyá kò tún lè gbé igbá bí ti àtijọ́. Bí ohun tí ó rí lóṣù bá tilẹ̀ kéré, kí ó yọ díẹ̀ fún ilé, kí ó sì sọ òtítọ́ nípa ibi tí ó bá a dé. Òbí tí ó mọ òtítọ́ lè dúró. Òbí tí a ń purọ́ fún kò lè mọ irú àdúrà tí yóò gbà.

Ẹ̀YIN ÒBÍ, Ẹ RÁNTÍ ÌRÌNÀJÒ TIYÍN

Ta ni ó yẹ kí ó mọ ohun tí àìdánilójú jẹ́ ju ẹni tí ó fi ilé sílẹ̀ wá sí ìdálẹ̀ lọ? Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Kánò ní 1911 ni àwọn ará Ọ̀ffà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ìlú mìíràn ti ń gòkè wá pẹ̀lú àpótí kan àti ẹní kan. Ọ̀pọ̀ kò gbọ́ Hausa. Orúkọ ará ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n mú dání, wọn kò sì mọ̀ bóyá yóò wà nílé. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ yà sí obì. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú obì yà sí ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́. A kò pe ìyẹn ní ìkùnà. Òwò ni a pè é.

Ọmọ tí ó gboyè jáde náà wà lórí àjò irú èyí. Ìwé ni àpótí tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìbéèrè yí padà. Dípò "Níbo ni o ti ń ṣiṣẹ́?", ẹ bi í pé, "Kí ni o kọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí? Ta ni kí a bá ọ rí?" Kí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ kọ orúkọ àwọn tí ó gboyè jáde láàárín wọn sílẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí olúkúlùkù kọ́, kí àwọn tí ó ní ọ́fíìsì tàbí ilé-iṣẹ́ gba ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ fún oṣù mẹ́ta kí ó kọ́ṣẹ́. Kí wọ́n yá a ní owó ọkọ̀ bí a bá pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ìlú mìíràn. Èyí kò tó owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá kan.

Òní ni a rí, kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọjà kò sì tíì tú.